Wáyà Mẹ́jọ, Ohùn Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè lónìí kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ojú Ore lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan kọ́. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, torí ẹ mọ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú!

Fún ẹ̀yin àlejò, pákó ni mò ń gé jẹun. Kì í ṣe ayùn ni mo fi ń gé e o. Mo ní ẹ̀rọ kan tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Màá ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á sì gbẹ́ ẹ sára pákó gẹ́lẹ́ bí mo ṣe yà á. Orúkọ ilé, pátákó ilé-ìwé, pákó tí àwọn ọmọ ilé-kéú ń gbé Kùránì lé kà, gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe.

Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Hikmat, la jọ fi ọwọ́ ara wa kan ẹ̀rọ yẹn. Iléeṣẹ́ kan ní Ṣàngó la ti pàdé. Ọmọ Ẹdẹ ni òun, ọmọ Ìwó ni èmi, iṣẹ́ ló gbé àwa méjèèjì wá sí Ọ̀tà. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀, èmi wà níbi tí wọ́n ti ń lẹ bébà mọ́ ìgò. Nígbà tí a ṣe nìkáà tán tí a sì fi iléeṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ kan ẹ̀rọ tí á máa gé pákó fúnra ẹ̀. Mo bi í pé ṣé orí ẹ̀ pé báyìí? Àfi bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin àlòkù jọ lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, tí a tú bẹ́líìtì kúrò nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú, tí a ń tò ó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ẹ̀rọ.

Ọkọ mi fẹ́ràn ẹ̀rọ náà débi pé mo sọ ọ́ ní Ìyáálé. Tó bá jí láàárọ̀, Ìyáálé ló kọ́kọ́ máa ń lọ wò kó tó kí mi! Mo máa ń bínú, màá sì tún máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń wọ́ Ìyáálé lọ wọ́ ọ bọ̀ ni àwọn mọ́tò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sítẹ́pà. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ Abẹ́òkúta o! Èyí ò tóbi ju agolo mílíìkì lọ. Kì í yí gbirigbiri bíi ti fáànù. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan ló ń gbé bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ibi tó o bá sì ní kó dúró, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí. Wáyà ni wọ́n lọ́ sínú ẹ̀. Àwọn ẹnu wáyà tó bá yọ síta là ń so mọ́ dráífà, ìyẹn pátákó kékeré tó ń fún mọ́tò ní iná. So ó bó ṣe yẹ, á rìn. So ó lódìlódì, á jókòó síbẹ̀, á máa kùn.

Bàbá Hikmat ní òfin kan lórí wáyà. Ó ní ẹnì kan kì í so wáyà, èèyàn méjì ló ń so ó. Ẹni tó di wáyà mú á pè é sókè: "Pupa, orí!" Orí ni ibi tí okùn wáyà ti bẹ̀rẹ̀, ìdí ni ibi tó parí sí. Ẹnì kejì á tẹ̀ ba, á fi ojú ara ẹ̀ wò ó, á wá dáhùn pé: "Pupa, orí, mo rí i." Ìgbà yẹn ni èkínní tó lè fún síkúrúù. Tí ẹnì kejì ò bá tíì dáhùn, síkúrúù ò gbọdọ̀ yí. Ó ní bàbá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní Òṣogbo ló fi lé òun lọ́wọ́, pé ojú kan máa ń rí ohun tó bá ti fẹ́ rí tẹ́lẹ̀.

Òfin yìí kò mọ ìjà o! Ẹ rò ó wò. A ti lè bínú síra wa láti àárọ̀, kí n má dá a lóhùn lórí oúnjẹ, kí n má dá a lóhùn lórí omi ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di wáyà mú tó ní "Dúdú, ìdí!", ó di dandan kí n tẹ̀ ba kí n wò ó kí n sì dáhùn. Bí orí wa bá ti wá pàdé lórí mọ́tò báyìí, ta ló tún fẹ́ máa bínú?

Ọdún kẹta rèé tó ti lọ sí Dùbáì.

Iléeṣẹ́ tó ń rọ omi sínú ìgò ló ń bá tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Nígbà tó ń lọ, a ní ìgbà díẹ̀ ni. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ àkọ́kọ́ parí, wọ́n tún fún un ní òmíì, àwa méjèèjì sì ní kò burú. Hikmat ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àga mú dìde nígbà tí bàbá ẹ̀ kúrò nílé. Ní báyìí ó ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Tí àwọn èèyàn bá bi í pé bàbá ẹ̀ dà, fóònù mi ló máa ń nàka sí. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Àárò ọkọ mi ń sọ mí. Kì í ṣe nígbà ọdún tàbí nígbà ìnáwó nìkan. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń mú mi jù. Màá gbọ́ bí ọkọ aládùúgbò ṣe ń ti ọ̀kadà ẹ̀ wọlé, tó ń bú géètì pé kì í ṣí dáadáa, màá sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí n lè gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Mò ń jowú obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń bá géètì jà!

Nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò yé tẹ̀ lé òfin Bàbá Hikmat. Tí mo bá fẹ́ so wáyà, màá pè é sókè bó ṣe kọ́ mi: "Yẹ́lò, orí!" Nígbà tí kò sí ẹni tó máa dáhùn ńkọ́? Màá dáhùn fúnra mi: "Yẹ́lò, orí, mo rí i." Ìyá Sófíà tó ń ta òwú ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti bi mí rí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní èmi àti Ìyáálé mi la jọ ń sọ̀rọ̀. Ó ní Ọlọ́run á bá wa dá ọkọ wa padà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gan-an.

Ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá Hikmat pè mí. Ó ní ìwé òun tún ti fẹ́ẹ́ parí, wọ́n sì ti gbé òmíì wá kí òun buwọ́ lù ú. Tí òun bá buwọ́ lù ú, ó di ọdún méjì sí i. Tí òun ò bá buwọ́ lù ú, òun á máa bọ̀ nílé. Ó wá bi mí pé, "Ìyá Hikmat, kí lo rí sí i?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi fò sókè. Gbogbo ara mi ló fẹ́ pariwo pé kó máa bọ̀! Àmọ́ kí ló jáde lẹ́nu mi? Mo ní, "Ohun tí ẹ bá rí pé ó dáa náà ni. Ọlọ́run á fi ire ṣe é." Ó ní àmín. A wá sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ tó ń ṣe Hikmat, kírédíìtì ẹ̀ sì tán.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń retí kó tún pè. Mò ń jẹun, mò ń retí. Mò ń kírun, mò ń retí, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kó tún ọ̀rọ̀ yẹn dá sílẹ̀ lọ.

Ìgbà tó di ọjọ́ Àlàrúbá, Ìyáálé dákẹ́. Mọ́tò kan ló kú. Irin àárín ẹ̀ ti jẹ, kò tún dì mọ́. Kò sì sí ìgbà tó lè burú jùyẹn lọ, torí pé mo ní iṣẹ́ Àáfà kan lọ́wọ́. Àáfà yìí ní ilé-kéú ní ẹ̀yìn ọjà, àwọn ọmọ ẹ̀ fẹ́ ṣe wálímọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun sì fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé Kùránì ẹ̀ lé orí pákó tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sí. Orúkọ ọmọ o! Ṣé ẹ lè sọ fún ọmọ tó ti ra aṣọ wálímọ̀ pé orúkọ tiẹ̀ ò tíì ṣetán?

Ní àárọ̀ Àlàmísì mo gba abẹ́ bíríìjì Ṣàngó lọ. Ẹni tí mo máa ń ra àlòkù lọ́wọ́ ẹ̀ gbé sítẹ́pà kan fún mi, ó ní, "Madam, this one na correct one, e go work well well." Mo wò ó. Ó wúwo dáadáa, àmọ́ wáyà mẹ́jọ ló yọ lára ẹ̀. Mẹ́rin péré ló wà lára èyí tó kú. Bébà tó yẹ kó wà lẹ́yìn ẹ̀ tí a fi ń mọ wáyà tó bá wáyà lọ ti bó dànù. Mo rà á bẹ́ẹ̀. Kí ni mi ò bá ṣe?

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó tì í. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní sọ ibí di kíláàsì! Mo kàn fẹ́ kó yé yín. Wáyà mẹ́jọ yẹn, okùn mẹ́rin ni wọ́n jẹ́, okùn kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì. Bí a ṣe ń mọ ẹnu méjì tó jẹ́ ti okùn kan rèé: fi wáyà méjì kanra wọn, kí o fi ọwọ́ yí irin àárín mọ́tò. Tó bá ṣì ń yí wẹ́rẹ́, àjèjì ni wọ́n síra wọn. Tó bá le lọ́wọ́ ẹ, okùn kan náà ni. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá orí wọn, mo wá ìdí wọn, mo sì so òwú tí mo gbà lọ́wọ́ Ìyá Sófíà mọ́ gbogbo orí kí n má baà gbàgbé.

Nínú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, méjì-méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. O lè tò wọ́n tẹ̀ léra, kí ìdí èkínní mú orí èkejì. Àwa oníṣẹ́ ń pe ìyẹn ní síríìsì. Kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì lágbára tó bá ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tó o bá ní kó sáré, á rẹ̀ ẹ́. O sì lè kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí mọ́ orí, ìdí mọ́ ìdí. Párálẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ìyẹn lè sáré dáadáa, àmọ́ ó ń mu iná bí ẹni mu omi. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń lo okùn kan nínú méjì, wọ́n á ti èkejì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Dráífà tèmi kékeré ni, kò ní iná tó pọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ Àáfà ò sì béèrè eré. Mo ní síríìsì ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Mò ń pè, mò ń dáhùn. "Pupa, orí! Pupa, orí, mo rí i." Kí n má purọ́, ọwọ́ mi wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkàn mi wà ní Dùbáì. Mò ń rò ó pé ó ti di ọjọ́ mélòó kan, kí ló dé tí kò tíì tún bi mí? Mo pe wáyà tó kẹ́yìn, mo dáhùn, mo fún síkúrúù ẹ̀ pinpin, mo tan iná.

Hùùùùn! Mọ́tò ń kùn. Kò gbé ẹsẹ̀ kankan. Ó kàn ń gbọ̀n síbẹ̀ bí ẹni tí ibà mú.

Mo ní dráífà ni. Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, torí wáyà ò lè jẹ̀bi. Ṣebí mo pè é? Ṣebí mo dáhùn? Mo tú dráífà wò, mo tún un dì. Mo fi iná kún un. Mọ́tò tún kùn sí i, ara ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo fi iná kún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ òórùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá iná ṣiṣẹ́ mọ òórùn yẹn, òórùn pé nǹkan fẹ́ẹ́ jóná. Mo sáré pa á. Dráífà kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn!

Ni mo bá pe Bàbá Hikmat lórí fídíò.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti wọnú. Mo kí i, mo ròyìn, mo ní dráífà fẹ́ dójú tì mí. Ó ní kí n tan iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n gbé fóònù sún mọ́ mọ́tò. Mo tan án. Ó tẹ́tí, ó ní kí n pa á.

Ó ní ohùn dráífà kọ́ nìyẹn. Ó ní okùn kan ló ń fà á síwájú, tí èkejì ẹ̀ ń fà á sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí kò fi ráyè rìn. Ó ní orí kan ti wà níbi tó yẹ kí ìdí wà.

Inú bí mi. Mo ní irọ́ ni, kò sí wáyà tí mi ò pè. Mo ní ṣé ó rò pé mo ti gbàgbé òfin ni? Mo pe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, sókè, ketekete!

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló dá ọ lóhùn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ta ló dá mi lóhùn? Láti ọdún mẹ́ta, ta ló ń dá mi lóhùn nínú ṣọ́ọ̀bù yìí? Mo ní, "Èmi náà ni." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹkún dé. Kì í ṣe ẹkún díẹ̀ o, ẹkún tí imú máa ń dá sí ni! Ìyá Sófíà yọjú, ó rí mi, ó sì rọra padà sẹ́yìn.

Ọkọ mi ń pè mí, ó ń ní kí n má sunkún mọ́, wáyà lásán ni, a máa tún un so. Mo ní wáyà kọ́. Mo ní, "Bàbá Hikmat, ẹ máa bọ̀ nílé. Ó ti tó mi. Mi ò fẹ́ dá wà mọ́. Ẹ má buwọ́ lu ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa bọ̀."

Mi ò sọ irú ẹ̀ fún un rí láyé mi.

Ó fi ọwọ́ nu ojú ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá ní, "Múlíkátù." Orúkọ mi gan-an ló pè, kò pè mí ní Ìyá Hikmat. Ó ní òun ti buwọ́ lù ú. Láti Àtàláátà.

Ó ní òun dúró lọ́jọ́ Àìkú yẹn kí n ní kí òun máa bọ̀. Ó ní ká ní mo sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n ni, òun kì bá tí buwọ́ lu nǹkan kan. Nígbà tí mo ní ohun tó bá rí pé ó dáa náà ni, òun gbà pé ó ti mọ́ mi lára. Pé mo ti mọ bí a ṣe ń gbé láìsí òun.

Mọ́ mi lára kẹ̀! Èmi tí mò ń fetí sí ọkọ ọlọ́kọ ní ẹnu géètì!

Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi fèsì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni. Nílé wa ní Ìwó, tí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wàá ní o ti yó. Onílé á tún lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn lo tó máa wẹ ọwọ́. Ìyá mi a máa fi ojú bá mi sọ ọ́ tí a bá lọ kí èèyàn nílé. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mò ń retí láti ọjọ́ Àìkú! Mo rò pé ọkọ mi náà mọ̀. Ó yẹ kó mọ̀, tó bá jẹ́ pé ó jókòó tì mí ni. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú mi ì bá ti sọ fún un pé ebi ń pa mí. Lórí fóònù, ohun tí ẹnu bá sọ náà ni wọ́n gbọ́.

Mo bi í pé ṣé kò lè dá ìwé náà padà? Ó ní òun á béèrè lọ́jọ́ kejì, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́, mo ti mọ̀ pé kò dá a lójú.

A sunkún díẹ̀, àwa méjèèjì. Mi ò rí omi lójú ọkọ mi rí, kódà nígbà tí wọ́n sin bàbá ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní iṣẹ́ Àáfà ńkọ́? Ó ní kí n nu ojú mi, kí n tú wáyà, kí n gbé fóònù lé ibi tí òun ti lè rí mọ́tò. Mo fi pákó mẹ́ta gbé fóònù dúró. Mo di èkínní mú, mo pè é. Nẹ́tíwọ̀kì ń fà bí ìgbín, nítorí náà tí mo bá pè tán, màá dúró, ìka mi á wà lórí wáyà, ohùn ẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò bínú sí nẹ́tíwọ̀kì lọ́jọ́ yẹn. Ì bá tún fà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A dé orí wáyà búlúù. Mo ní, "Búlúù, ìdí!" Mò ń retí. Ohùn ẹ̀ dé, ó ní, "Rárá. Mo rí òwú lára ẹ̀. Orí ni." Mo wò ó. Lóòótọ́, òwú Ìyá Sófíà wà lára ẹ̀ gbangba! Mo ti pè é ní ìdí, mo sì ti dá ara mi lóhùn pé mo rí i, nígbà tí mi ò wo nǹkan kan.

Mo yí i padà, mo tan iná. Mọ́tò gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé òmíì. Ìyáálé rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tábìlì, jẹ́jẹ́, láìgbọ̀n, láìkùn.

Mo ní kó lọ sinmi, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má pa fóònù. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, òun fẹ́ máa gbọ́ ọ. Mo gbé pákó sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé orúkọ àwọn ọmọ, ariwo ẹ̀rọ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ọkọ mi ti sùn lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ẹ̀. Orí ẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká ẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dátà mi fi tán.

Ìgbà tó di Jímọ̀, ó lọ bá àwọn ọ̀gá ẹ̀. Wọ́n ní ìwé tó ti wọlé ti wọlé. Ó máa wálé kí wa fún ìsinmi o, àmọ́ a ò tíì mọ ìgbà tí wọ́n máa fún un. Ọdún méjì yẹn á sì pé kó tó wálé wá jókòó.

A gbé pákó Àáfà dé ilé-kéú kí wálímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wá orúkọ wọn kiri, wọ́n ń pariwo. Àáfà ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́run á jẹ́ kí ọkọ mi padà wálé láyọ̀. Mo ṣe àmín, omi sì tún fẹ́ bọ́ lójú mi láàárín èèyàn.

Kí ni mo rí kọ́ nínú ẹ̀? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Ẹ̀kọ́ ilé dáa, ìwà pẹ̀lẹ́ dáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè òkun ò rí ojú yín. Tí àárò ẹ̀ bá ń sọ yín, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá bi yín, torí ẹ̀ẹ̀kejì lè má wáyé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tún wa bi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ wà lókè òkun pọ̀ níbí, ìyá tí ọmọ ẹ̀ lọ tí kò dé náà pọ̀. Ọ̀rọ̀ wo lẹ gbé mì tó yẹ kí ẹ sọ? Mo fẹ́ kà á, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí.

Àmọ́ tí nọ́ńbà ẹni náà bá ṣì wà lórí fóònù yín, ẹ má tíì kọ ọ́ sí mi. Ẹ lọ pè é ná.